Ẹ Yé Sọ Jagunjagun Wa Di Barbarian

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Bí ọmọ Yorùbá kan bá jókòó láti ṣẹ̀dá jagunjagun Yorùbá nínú Dungeons & Dragons, tàbí nínú Baldur's Gate 3 lórí kọ̀ǹpútà, kó tó tẹ bọ́tìnnì kankan la ti mọ ohun tó máa yàn. Barbarian ni. Á gbé àáké lé e lọ́wọ́, á bọ́ ẹ̀wù lọ́rùn rẹ̀, á kọ ilà sí i lójú, á sọ ọ́ ní Ògúndélé. Bí ogun bá dé, Ògúndélé á ké ramúramù, ojú rẹ̀ á pọ́n, á máa ṣá ohun gbogbo tó bá wà níwájú. Ó tán. Wọ́n ní jagunjagun Yorùbá nìyẹn.

Àwa ò gbà. Irọ́ ni. Ibòmíràn ni wọ́n ti kọ́kọ́ pa irọ́ náà, ṣùgbọ́n àwa fúnra wa la ń gbé e kiri báyìí, a tún ń lẹ orúkọ bàbá wa mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ wa ò lọ títí: jagunjagun ilẹ̀ wa kì í ṣe oníṣẹ́ kan. Ẹni tó bá fẹ́ ṣẹ̀dá rẹ̀ dáadáa, multiclass ni kó ṣe.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ eré náà, àlàyé rẹ̀ ò gùn. Ẹ̀dá-ìtàn kọ̀ọ̀kan ní kíláàsì, ìyẹn iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe. Fighter ni ẹni tó mọ ohun ìjà lò. Rogue ni ẹni tó mọ ọ̀nà ẹ̀bùrú. Cleric ni ẹni tí òrìṣà ń gbọ́ tirẹ̀. Bard ń fi orin àti ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe oògùn. Ní ti Barbarian, ìbínú ni irinṣẹ́ rẹ̀. Láti ipele kìíní dé ogún ni èèyàn ń gòkè. Bí o bá pín àwọn ipele yẹn sórí iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, dípò kí o kó gbogbo rẹ̀ lé ọ̀kan lórí, multiclass lo ṣe yẹn.

Ẹ wá wo ibi tí Barbarian yìí ti wá. Nígbà tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde ní 1974, kò sí Barbarian nínú rẹ̀. Kíláàsì mẹ́ta péré ló wà: ọ̀kan fún ìjà, ọ̀kan fún idán, ọ̀kan fún ẹ̀sìn. Nígbà tí Barbarian wọ inú ìwé Unearthed Arcana ní 1985, ẹni tó kórìíra idán ni wọ́n fi ṣe. Bó bá ba ohun èlò onídán jẹ́, wọ́n á fún un ní àmì ẹ̀yẹ fún un. Nínú ìwé òfin tó jáde ní 2003, Barbarian nìkan ni kíláàsì tí kì í mọ̀wé kà láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti gba ipele kan péré nínú kíláàsì mìíràn, ojú rẹ̀ á là, á bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Nínú ìwé òfin 2014, tí inú Barbarian bá ti ń ru, kò lè pe idán kankan.

Ẹ kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí ẹ wò ó. Ó kórìíra oògùn. Kò mọ̀wé. Tó bá bínú, kò lè pe ọfọ̀. Ta nìyẹn ní ilẹ̀ Yorùbá? Jagunjagun gidi wo lẹ gbọ́ ìtàn rẹ̀ rí tó lọ sógun láìní nǹkan lápò? Ẹ̀wù ogun àwọn bàbá wa, oògùn ni wọ́n rán mọ́ ọn lára láti èjìká dé ìsàlẹ̀. Ojú ogun gan-an ni ọfọ̀ ti ń wúlò jù, nígbà tí ìjà bá le. Eré tó ní inú bíbí ń pa ọfọ̀ mọ́ èèyàn lẹ́nu ń ṣàpèjúwe ẹlòmíràn, kì í ṣe àwa. Ìbínú ò da nǹkan fún ni. Àwọn àgbà tó pa òwe yẹn mọ ogun dáadáa.

Ẹnì kan á ní, "Ògún ńkọ́? Ṣebí ẹ̀jẹ̀ ni Ògún ń fi wẹ̀?" Ẹ ṣeun tí ẹ mẹ́nu bà á. Alágbẹ̀dẹ ni Ògún. Ọdẹ ni. Jagunjagun ni. Òun ló fi àdá la ọ̀nà nígbà tí àwọn òrìṣà yòókù há sínú igbó. Òrìṣà ogun fúnra rẹ̀, iṣẹ́ mẹ́ta ló ń ṣe pọ̀, ẹ wá ní kí ọmọ rẹ̀ mú ẹyọ kan, kó sì mú èyí tí kò ní ọgbọ́n nínú jù.

Ohun mìíràn tún wà tó yẹ kí ẹ mọ̀. Nínú ìwé Player's Handbook tó jáde ní 1978, àwọn ẹ̀dá bíi elf lè ṣe kíláàsì méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n òfin kọ̀ ọ́ fún ènìyàn. Ènìyàn tó bá fẹ́ iṣẹ́ kejì, àfi kó pa ti àkọ́kọ́ tì, kó bẹ̀rẹ̀ èkejì láti ìpìlẹ̀. Baldur's Gate àkọ́kọ́, tó jáde ní 1998, tẹ̀ lé irú òfin yẹn náà. Àfi ìgbà tó di ọdún 2000 ni ìwé òfin tuntun tó gba gbogbo ẹ̀dá láàyè láti da kíláàsì pọ̀ bó ṣe wù wọ́n. Èyí fi hàn wá pé "iṣẹ́ kan fún ẹnì kan" kì í ṣe òfin ayé. Ìpinnu àwọn tó kọ ìwé ni. Àwa tí a ń kọ kóòdù mọ irú rẹ̀: nínú Java, kíláàsì kan ò lè jogún ju kíláàsì kan lọ, nínú Python, ó lè jogún bó ṣe fẹ́. Ẹni tó ṣe èdè náà ló yàn bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ pé Ọlọ́run ló pa á láṣẹ.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀kalẹ̀ lọ sí etíkun Ìlàjẹ, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, torí ibẹ̀ ni ẹ̀rí tó dá wa lójú jù wà.

Ìtàn tí àwọn ará Ugbò ń sọ ni pé Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn ti ṣí wá, pé àwọn ni ọmọ àwọn tí ìtàn Ifẹ̀ ń pè ní Ìgbò, àwọn tó ń yọ sí Ifẹ̀ lójijì, tí wọ́n ń kó ẹrù kó ènìyàn lọ. Apá kejì ìtàn yẹn ni gbogbo wa mọ̀ láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, apá ti Mọ́remí. Ṣùgbọ́n ẹ dúró díẹ̀ ní apá kìíní. Báwo ni àwọn Ìgbò ṣe ń ṣẹ́gun? Kì í ṣe ariwo. Ìtàn ò sọ pé wọ́n lágbára ju ará Ifẹ̀ lọ. Ìko ni wọ́n ń wọ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. Ará Ifẹ̀ á rí wọn, wọ́n á rò pé ará ọ̀run ló dé, wọ́n á tú ká. Ẹni tó bá ronú kan irú ogun bẹ́ẹ̀ ti mọ ohun tí ọ̀tá rẹ̀ gbàgbọ́. Ó ti mọ ìgbà tó yẹ kó yọ àti ìgbà tó yẹ kó pòórá. Ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń di ìko. Fighter àti Rogue ti pàdé lára ẹnì kan níbẹ̀ yẹn, ìṣe eégún sì tún wà nínú rẹ̀.

Ẹ wá wo Mọ́remí fúnra rẹ̀. Kò gbé idà. Ó jẹ́jẹ̀ẹ́ fún odò Esìnmìrìn, ó jẹ́ kí wọ́n mú òun lẹ́rú, ó di aya ọba wọn, ó wádìí títí ó fi mọ̀ pé ènìyàn lásán ló wà nínú ìko. Ó sá padà wálé, ó ní kí wọ́n fi iná pàdé wọn. Ìko àti iná ò ṣe ọ̀rẹ́. Bí ogun náà ṣe tán nìyẹn. Ẹ̀jẹ́ lọ́dọ̀ òrìṣà, ẹ̀tàn lọ́dọ̀ ọ̀tá, ètò ogun nílé, obìnrin kan ṣoṣo ló kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, Ifẹ̀ sì ń ṣe ọdún Edì títí dòní nítorí rẹ̀. Ìhà méjèèjì ogun yẹn, àdàlù iṣẹ́ ni wọ́n fi jà á. A wá ibi tí ìbínú ti ṣẹ́gun nínú ìtàn náà, a ò rí i.

Tí ẹ bá ní ìtàn àtijọ́ nìyẹn, ẹ lọ wo ojú omi lónìí. Ẹni tó ń gbé láàárín Ugbò, Màhìn àti Ayétòrò ò lè ní iṣẹ́ kan lòun mọ̀. Apẹja náà ló ń tukọ̀. Òun ló ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe. Tí ẹ́ńjìnnì bá kú sáàárín omi, kò sí mẹkáníìkì tó máa wá bá a níbẹ̀. Òun náà ló máa tú u. Ó mọ ìgbà tí omi máa kún àti ìgbà tó máa fà. Obìnrin tó ń yan ẹja ló tún ń hun ẹní, òun ló tún ń kó ọjà lọ sí Ìgbókọ̀dá. Ọmọ Ìlàjẹ gbé ìmọ̀ yìí gba etíkun lọ, ó wà ní Màkókó l'Ékòó, ó dé Kamẹrúùnù. Orí omi yìí kan náà ni orúkọ Ayélála ti jáde, ẹrúbìnrin tí ìtàn ní wọ́n fi rúbọ kí ìjà lè parí láàárín Ìlàjẹ àti Ìjàw, tó wá di òrìṣà tí òpùrọ́ ń sá fún. Ẹ ṣẹ̀dá ọmọ irú ibẹ̀ kí ẹ wá pè é ní ẹni tí kò mọ̀ ju àáké lọ? Ẹ ò ṣe dáadáa.

Ẹ má sì sọ fún wa pé Yorùbá ò ní ìwé tó lè kọ́ wa. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó kan náà, ti tẹ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938, ọdún mẹ́rìndínlógójì kí Dungeons & Dragons tó dé. Àkàrà-ògùn tó jẹ́ olórí ìtàn náà, ọdẹ ni, oògùn sì kún ara rẹ̀ débi pé ó wà nínú orúkọ rẹ̀. Àwọn tó bá a lọ sí Òkè Lángbòdó ńkọ́? Kàkó ló ni kùmọ̀. Ìmọ̀dóye ló ni ọgbọ́n. Olóhùn-iyọ̀ ló ni orin. Èfòìyẹ ló ni ọfà. Ẹlẹ́gbède gbọ́ èdè ẹranko. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta eré yìí, ẹ sọ òótọ́: ṣé ẹ ti rí ẹgbẹ́ tó pé tó báyìí rí? Kò sì sí ẹyọ Barbarian kan láàárín wọn. Kàkó tó ni kùmọ̀ gan-an, wọn ò fi ìbínú ṣe gbogbo ìtumọ̀ rẹ̀.

A mọ ohun tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n eré máa sọ. Wọ́n á ní, "Ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. Multiclass ń ba ẹ̀dá-ìtàn jẹ́. Fighter tó dúró sí Fighter ló lágbára." Ó dáa. Àwa náà mọ ìṣirò. Ẹ jẹ́ ká ṣẹ̀dá ẹnì kan pẹ̀lú òfin 2014, ká ṣí ìwé gbèsè rẹ̀ sílẹ̀ níwájú gbogbo yín.

Ọmọ Ugbò ni. Ẹ jẹ́ ká pè é ní Ìko. Ipele kẹwàá ló wà: Fighter márùn-ún, Rogue mẹ́ta, Cleric méjì. Òfin ní kéèyàn tó lè da kíláàsì pọ̀, ó gbọ́dọ̀ ní 13 nínú ohun tí kíláàsì kọ̀ọ̀kan ń béèrè. Fighter gba Dexterity, ìyẹn ìyára ara. Rogue náà gbà á. Cleric ń béèrè Wisdom, ìyẹn làákàyè. Nǹkan méjì péré ti ṣílẹ̀kùn mẹ́ta.

Ẹ fi Fighter bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má kúrò níbẹ̀ títí ẹ ó fi dé ipele karùn-ún, torí ibẹ̀ ni Ìko á ti máa kọlu ọ̀tá lẹ́ẹ̀mejì nínú ìgbésẹ̀ kan. Àwọn tó ń sá kúrò ní ipele kẹta tàbí ìkẹrin ló ń bà á jẹ́ tí wọ́n á wá di ẹ̀bi ru multiclass. Lẹ́yìn náà, Rogue: ní ipele kejì rẹ̀ ni Cunning Action wà, tí Ìko fi lè sáré tàbí kó sá pamọ́ láì ná ìgbésẹ̀ ìjà rẹ̀. Lẹ́yìn náà, Cleric, ọ̀nà Tempest, ti ìjì àti òkun. Láti ipele kìíní ló ti ń pe Fog Cloud. Ẹnikẹ́ni tó ti wọ ọkọ̀ ojú omi ní ìdájí mọ ohun tí kùrukùru ń ṣe lójú odò.

Ẹ wá fún un ní ohun ìjà. Idà kékeré kan, àti àwọ̀n. Bẹ́ẹ̀ ni, àwọ̀n wà nínú ìwé òfin yẹn, gbogbo ènìyàn sì ń pẹ̀gàn rẹ̀. Wọ́n ní kò wúlò, torí pé tí ọ̀tá bá sún mọ́ ọ, ìdíwọ́ ni, tó bá jìnnà díẹ̀, ìdíwọ́ ni. Òótọ́ ni, fún ẹni tó jẹ́ Fighter nìkan. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jù ú láti ibi tí ọ̀tá ò ti rí i ní àǹfààní tó pa ìdíwọ́ yẹn rẹ́. Ẹ wo bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Kùrukùru bo omi. Ìko wọ inú rẹ̀, ó sá pamọ́. Ó yọ sí etí rẹ̀, ó ju àwọ̀n. Àwọ̀n mú ọ̀tá, ọ̀tá ò lè rìn mọ́. Ìko lo Action Surge tó gbà ní ipele kejì Fighter, ó kọlù ú lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú àǹfààní, Sneak Attack sì fi dáìsì olójú mẹ́fà méjì kún un. Iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wọ ìṣẹ́jú kan yẹn. Ẹ yọ ìkankan kúrò, àwọ̀n náà á padà di yẹ̀yẹ́.

Tí ìjà bá wọ inú omi ńkọ́? Òfin ní ẹni tí kì í ṣe ẹ̀dá inú omi máa ní ìdíwọ́ lábẹ́ omi, àfi tó bá lo ohun ìjà bíi ọ̀bẹ, ọ̀kọ̀ tàbí idà kékeré. Àwọ̀n náà wà lára èyí tí òfin dá sí. Ohun ìjà apẹja ni wọ́n! Àáké ńlá Ògúndélé yín ò sí níbẹ̀.

Iye tó ná wa rèé, a ò fi bò. Fighter tó dé ipele kẹwàá láì yà síbì kan á ti ní àyè mẹ́ta láti fi kún agbára rẹ̀. Ìko ní ẹyọ kan. Tí ẹ bá lo iye tí ìwé là sílẹ̀, Ìko fi ẹ̀mí márùn-ún dín sí i. Tó bá di ipele kọkànlá, Fighter yẹn á máa kọlu ọ̀tá lẹ́ẹ̀mẹta. Ìko ṣì wà ní ẹ̀ẹ̀mejì. Gbèsè ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ fi sórí òṣùwọ̀n: ẹ̀mí márùn-ún àti ẹyọ ìkọlù kan lápá kan, kùrukùru, ìfarapamọ́, ìwòsàn, àwọ̀n tó ń mú ohun tó bá bà lé lápá kejì. Ní pápá títẹ́jú, tí ọ̀tá dúró síwájú rẹ, a gbà, Fighter á borí. Ní àbàtà, lórí ọkọ̀, láàárọ̀ kùtù, ẹ bá wa wá Fighter yẹn kí ẹ mú un wá. Ọ̀nà kan ò wọjà. Àwọn tó ń fi òwe eku méjì lù wá gbàgbé pé ẹni tó ní àwọ̀n kì í lé eku.

Àwọn kan tún wà tí a ní ọ̀rọ̀ fún, ará ilé wa ni wọ́n, àwọn tó fẹ́ràn multiclass jù. Ipele kan níhìn-ín, méjì lọ́hùn-ún, nítorí pé ẹnì kan lórí YouTube ní agbára rẹ̀ á pọ̀. Ẹ̀dá-ìtàn wọn bá májẹ̀mú pẹ̀lú ẹ̀mí àìrí lọ́jọ́ Ajé, ó di àlùfáà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kò sẹ́ni tó lè sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Àwa ò sí níbẹ̀ yẹn. Nílẹ̀ wa, ẹni tó bá mọ iṣẹ́ kan, ẹnì kan ló kọ́ ọ. Ó ti gbé ilé ọ̀gá, ó ti jẹ́ ọmọ iṣẹ́, ó ti gba ìyọ̀ǹda. Torí náà, òfin kan la fẹ́ fi kún ti ìwé: kí o tó gba ipele nínú kíláàsì mìíràn, sọ orúkọ ẹni tó kọ́ ọ àti ohun tó gbà lọ́wọ́ rẹ. Ta ló kọ́ Ìko ní bí wọ́n ṣe ń ju àwọ̀n? Òrìṣà omi wo ló jẹ́jẹ̀ẹ́ fún, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ tó bá yẹ ẹ̀jẹ́ náà? Tí o bá lè dáhùn, máa gòkè. Tí o ò bá lè dáhùn, jókòó síbi tó o wà.

Ẹni tó ń ta Baldur's Gate 3 ò ní àwáwí rárá. Láti 2023 tó ti jáde, kì í béèrè 13 lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ipele kejìlá ni òpin rẹ̀. Tí àdàlù rẹ ò bá dára, fún Withers ní ọgọ́rùn-ún owó wúrà, á tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ fún ọ láti tún un ṣe.

Ó ku àwọn tó máa ní, "Ẹ̀yin náà, eré lásán ni." Ṣé eré lásán ni? Òkun ń jẹ Ayétòrò, ìlú tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947. Ilé ti wọ omi, àdúgbò ti wọ omi, àwọn ará ibẹ̀ sì ti ń ké tipẹ́. Àwọn ọmọ tó ń dàgbà ní Èkó àti London báyìí lè má rí ìlú yẹn láéláé. Ibo ni wọ́n ti máa mọ irú èèyàn tó gbé ibẹ̀? Nínú ìwé díẹ̀, nínú fídíò díẹ̀, àti nínú eré tí wọ́n fi ń ṣeré lálẹ́. Tó bá jẹ́ ẹni ihòòhò tó ń ké ramúramù ni wọ́n bá níbẹ̀, tó sì jẹ́ pé ọmọ Yorùbá ló gbé e síbẹ̀, ta la fẹ́ bá wí?

A ò ní kí ẹnikẹ́ni má ta Barbarian. Ẹ ta á bó ṣe wù yín, ẹ sọ ọ́ ní Conan. Orúkọ tiwa ni a ní kí ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ju ẹyọ kan lọ. Nígbà mìíràn tí ẹ bá jókòó, tí eré bá bi yín pé kíláàsì wo, ẹ kọ́kọ́ bi ẹ̀dá-ìtàn náà ní ìbéèrè mẹ́ta: Kí lo fi ń jẹun? Ta lo búra fún? Báwo lo ṣe ń jà nígbà tí agbára ò bá tó? Ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò ní bọ́ sínú kíláàsì kan. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.